Alága Tó Fòfin De Fífi Iná Wé Iná

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Alága Adéògún fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù Sẹ̀gilọlá pa ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra. Ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà ni pé oníbàárà bi í ní ìbéèrè, ó sì fún un ní ìdáhùn òtítọ́.

Ẹ má wá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Kò sí.

Oníbàárà náà ni Yusif, awakọ̀ takisí láti Mamobi, tí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kan ti kú. Ó gbé páálí gílóòbù méjì lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wọn iṣu, ó ní, "Àǹtí Sẹ̀gi, èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?" Ọ̀kan jẹ́ gílóòbù lásán tí iná rẹ̀ ní àwọ̀ oyin. Èkejì funfun títí ó fi fẹ́ di búlúù. Ìmọ́lẹ̀ Alága ni wọ́n ń pè é, àwòrán Alága Adéògún fúnra rẹ̀ ló sì wà lára páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìtànṣán tó ń yọ lẹ́yìn etí rẹ̀ méjèèjì.

Sẹ̀gilọlá kò bá a jiyàn. Ó ní pátákó kan tó kan iná iwájú ọkọ̀ àlòkù méjì mọ́, tó so wọ́n mọ́ bátìrì àti mítà kékeré kan tó ń sọ bí gílóòbù ṣe ń mu iná tó. Ó ki àwọn gílóòbù náà bọ̀ ọ́, ó sì kọjú pátákó náà sí ògiri òdìkejì.

"Má wo gílóòbù, Yusif. Wo ògiri."

Yusif wo ògiri. Iná aláwọ̀ oyin tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ, etí rẹ̀ gún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Èyí tó fẹ́ di búlúù fọ́n káàkiri bí ògì tó dà nù. Ìdajì rẹ̀ wà lórí páànù òrùlé, níbi tí ọkọ̀ kankan kì í gbà.

"Wàá rò pé ó mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, nítorí ó ń gún ẹ lójú," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ẹ ló máa gún. Kò níí fi kòtò hàn ọ́. Tún wo mítà. Wáàtì márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n kọ sára páálí, ṣùgbọ́n ohun tó ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Wáyà ọkọ̀ ẹ kò lè gbé e. Tí o bá tàn án pẹ́, ihò tí o fi gílóòbù sí máa yọ́."

"Wàláì?"

"Mo ta á fún ẹ rí?"

Yusif ra aláwọ̀ oyin, ó lọ. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, àmọ́ ògiri kan ṣoṣo tí wọn kò to ọjà sí ní gbogbo ọ̀nà náà ni ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta gílóòbù. Ojú fèrèsé Alága gan-an ni iná ọ̀hún bọ́ sí, Àlàní akọ̀wé sì wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń jẹ kẹ́nkẹ́.

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí Alága jẹ́ fún yín. Ẹ má rò pé gbogbo Abossey Okai ló wà lábẹ́ rẹ̀ o. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní alága tiwọn, àwọn onítáyà ní tiwọn. Ti Adéògún ni ọ̀nà tóóró kan, ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlélógún, gílóòbù iwájú nìkan. Àní iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tó ń bọ̀ láàárọ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń tú oòrùn sílẹ̀ lórí ìso.

Ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo ojú, kí ó wá sọ pé, "Alága, ẹ dín in kù fún wa!" Òun náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Kò ṣeé dín kù, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn." Ó ní àga kan tí orí kìnnìún wà lápá rẹ̀ méjèèjì, tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àga ìyàwó yáni. Ó sì máa ń fi okùn wúrà kọ́ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó bá tì pa sọ́rùn. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, kọ́kọ́rọ́ méje ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá ń rìn, ó ń dún ṣaworo-ṣaworo bí ewúrẹ́ olówó.

Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ gílóòbù tó dára? Ìbéèrè rere. Ó máa ń tẹjú mọ́ ọn. Wọn á tan gílóòbù síwájú rẹ̀, á ranjú sí i láìṣẹ́jú, Àlàní á sì dúró tì í pẹ̀lú aṣọ ìnujú, á máa ka omijé rẹ̀.

"Omijé méjì péré, Alága! Ayédèrú ni!"

"Ẹ gbé òmíràn wá."

"Omijé márùn-ún! Háà! Ojúlówó dé!"

Kò wo ògiri rí, kò wo ilẹ̀ rí. Tó bá fi máa di ọ̀sán, kò ní lè mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n gbé ti ògiri. Ó ti kí ilẹ̀kùn kan ní "ẹ kúùṣẹ́, ìyáàfin" rí, Àlàní sì bá ilẹ̀kùn náà dáhùn.

Nígbà tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe gílóòbù tirẹ̀ ní òkè òkun, ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ pé òun ń fẹ́ èyí tó lè gba omijé mẹ́wàá. Wọ́n dá a lóhùn pé irú ìyẹn yóò tó ọgọ́rùn-ún wáàtì, wáyà ọkọ̀ kékeré kò sì lè gbà á. Alága fèsì pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ márùndínlọ́gọ́ta sí ara páálí, "nítorí nọ́ńbà ńlá máa ń dẹ́rù ba tálákà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Èmi kà á nígbà mẹ́ta, inú ṣì ń bí mi.

Ó ránṣẹ́ pe Sẹ̀gilọlá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ó jókòó sórí àga kìnnìún, ó na ìka.

"Ta ló ní kí o fi mí wé nǹkan?"

"Alága, ẹ̀yin kọ́ ni mo fi wé nǹkan. Gílóòbù ni mo fi wé gílóòbù."

"Àwòrán ta ló wà lára páálí?"

"Àwòrán yín ni, sà."

"Nígbà tí o wá na wáyà iná sí i, ta lo na wáyà sí?"

"Yéè!" ni Àlàní ké, ó di orí mú. "Ó fi iná gbé Alága!"

"Mi ò fi iná gbé ẹnikẹ́ni, Bọ̀ọ̀dá Àlàní. Oníbàárà bi mí, mo dá a lóhùn."

Alága dìde, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ sì bá a dìde. "Ìfiwéra ni ìyá ìlara! Ìlara ni ìyá ọ̀tẹ̀! Ọ̀tẹ̀ ló ń tú ìlú ká! Àlàní, kọ ọ́ sílẹ̀: Òfin Keje. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan gílóòbù méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀nà yìí, títí ayé!"

Sẹ̀gilọlá ronú díẹ̀. "Alága, ọkọ̀ wo ló ń lo gílóòbù kan ṣoṣo?"

Àlàní wo àjà, ó wo ilẹ̀.

"Alùpùpù," ló wí.

"O ṣeun," ni Alága wí. Ó wá dájọ́. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò jẹ́ Ọjọ́ Ìmọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ méjìlá yóò fi gílóòbù tuntun náà tan iná níwájú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ náà, Sẹ̀gilọlá yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò ka ohun tí Àlàní kọ sí ìwé fún un: *Èmi Sẹ̀gilọlá, ẹni òkùnkùn, mo jẹ́wọ́ pé kò sí iná bí iná Alága.* Bó bá kà á, yóò gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí kò bá kà á, ṣọ́ọ̀bù náà di ti ìyàwó Àlàní.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Sẹ̀gilọlá ti kọ́ ìrìn. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá rẹ̀ fi ru ọṣẹ kiri Kokomlemle kó tó rí i gbà, tí wọ́n ń kígbe "Alata! Alata!", orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá níbẹ̀, tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, tó sì ń ta ọṣẹ fún wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ló ti di olóògbé, lórí àpótí, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tó ti bá oníbàárà kan yan gílóòbù tán. Sẹ̀gilọlá kò ní ibòmíràn.

Ó mú ìwé náà lọ bá Màmá Fàdílátù, ẹni tó dàgbà jù lọ ní ọ̀nà náà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Màmá kà á, ó pòṣé.

"Kà á fún un, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kì í wúwo lẹ́nu. Kà á, kí o gba kọ́kọ́rọ́ rẹ. Bó bá ti yíjú, kí a jọ fi rẹ́rìn-ín."

"Màmá, tí mo bá kà á, ta ni Yusif máa bi lọ́jọ́ mìíràn?"

Màmá fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. "Orí kunkun ìyá rẹ ni o gbà. Òun náà kì í jẹ́ kí n ta ohun tí kò dára ní ìrọ̀rùn."

Ọjọ́ Ìmọ́lẹ̀ pé. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fi í sí, nítorí Alága kì í pa oorun àṣálẹ́ jẹ. Ẹnìkan rọra sọ pé ọ̀sán kò dára fún títan iná. Alága pàṣẹ kí wọ́n fi tapólì dúdú bo gbogbo ọ̀nà náà láti orí òrùlé dé orí òrùlé, kí oòrùn má baà bá òun du ipò. Ooru abẹ́ rẹ̀ tó láti fi se ẹyin.

Ìṣòro kékeré kan tún wà tí Alága kò mọ̀. Méjì-méjì ni gílóòbù wà nínú páálí, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi wọ́n sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Àlàní fi sí àwọn ọkọ̀ náà. Ẹyọ kejì ti dé Kokomlemle, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ń tà á. Jíìpù Alága, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nìkan ló fi méjì sí, nítorí Àlàní kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá. Báyìí ni ọkọ̀ méjìlá ṣe to sójú ọ̀nà, takisí Yusif ni àkọ́kọ́ nínú wọn, tí ojú kan olúkúlùkù funfun, tí ojú kejì pọ́n bí oyin. Ẹgbẹ́ tó fòfin de ìfiwéra ti fi ọkọ̀ méjìlá ṣe ìfiwéra, wọ́n sì yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i.

Alága dé. Gbogbo ènìyàn fi ọwọ́ ṣíji bojú, "Ẹ dín in kù fún wa!" Ó wo àwọn ọkọ̀ náà, ó fajú ro.

"Àlàní, kí ló dé tí ojú kejì fi pọ́n?"

"Ó ń forí balẹ̀ fún ti yín ni, Alága. Ojú ló ń tì í."

Ojú Alága tú ká. Ó pe Sẹ̀gilọlá síwájú.

Sẹ̀gilọlá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìwé Àlàní wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ wà lọ́rùn Alága, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sí i. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wá wo àwọn awakọ̀ tó fara ti ọkọ̀ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè bóyá wọ́n fẹ́ gílóòbù tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná funfun yẹn," ló wí. "Mo ti wọ̀n ọ́n. Wáyà yín kò lè gbé e. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, á yọ́, ó sì lè gbiná. N kò ní ohun mìíràn láti sọ."

Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún Àlàní, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Fàdílátù. Báyìí ló ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Alága rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ fi ń jó lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Ó ní tó bá pẹ́! Ó dára. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kọ wá síhìn-ín. Nítorí ẹnu tí obìnrin yìí yà, màá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa iná tàbí ẹ́ńjìnnì títí màá fi ṣe tán!"

Ó kọjú sí àwọn iná náà, ó ranjú mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí agbẹ̀bí ní kí wọ́n pa fìtílà, pé iná ti pọ̀ jù nínú yàrá. Ó dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ń ṣàlàyé pé bí kò bá sí òun, àwọn ará Accra ìbá ṣì máa fọwọ́ tá ọ̀nà. Òógùn bo gbogbo ènìyàn. Àlàní ń ka omijé sókè: "Méje! Mẹ́jọ! Mẹ́jọ àti ààbọ̀!"

Ní ìṣẹ́jú kejìlélógójì, Yusif gbóòórùn.

"Àǹtí Sẹ̀gi," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "bí ẹni ń sun ike?"

Èéfín rọra yọ lójú ọ̀tún takisí rẹ̀, níbi tí gílóòbù funfun wà. Ojú òsì, aláwọ̀ oyin, tàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ọkọ̀ kejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ méjìlá, ojú ọ̀tún méjìlá, èéfín méjìlá. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè ka ohun tí wọ́n kọ síwájú gbogbo ènìyàn yẹn.

Alága kò rí i. Ó ti wo iná pẹ́ débi pé àmì róbótó aláwọ̀ ewé ló ń fò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

"Àlàní, kí ló ń rùn?"

Àlàní wo èéfín, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Kò sọ òtítọ́ rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ yẹn kọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀. "Tùràrí ni, Alága. Wọ́n ń fi bọlá fún yín."

"Ẹ fi kún un!" ni Alága wí.

Wọ́n fi kún un lóòótọ́. Ọkọ̀ jíìpù Alága, tó ní gílóòbù funfun méjèèjì, ló fi kún un. Ó hó ṣìn-ìn, ojú rẹ̀ méjèèjì yọ́ wálẹ̀ bí àbẹ́là, iná sì sọ níwájú rẹ̀.

"Ogya! Ogya!" ni ẹnìkan ké ní èdè Twi, kò sì sí ẹni tó nílò ògbufọ̀. Gbogbo ènìyàn fi ọwọ́ bo ojú, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe láti kí Alága. Àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí da iyanrìn sí jíìpù, Yusif gun orí takisí rẹ̀, ó fa okùn tapólì já. Gbogbo aṣọ dúdú náà wó lulẹ̀ gbìì. Oòrùn Accra wọlé, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò sí ẹni tó fara pa, àfi Alága, tí tapólì wó lé lórí pẹ̀lú àga kìnnìún rẹ̀. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń sọ̀rọ̀: "...ní ọdún tí mo pé ogójì..."

Nígbà tí wọ́n ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, Màmá Fàdílátù ló dúró síwájú rẹ̀. Kò fi ọwọ́ ṣíji bojú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Adéògún. Kó wọn wá."

"Kí ni, Màmá?"

"Kọ́kọ́rọ́."

"Ìpàdé ló lè gba—"

"Ṣé o kò rí ìpàdé ni?"

Ó ń rí i díẹ̀díẹ̀ bí ojú rẹ̀ ṣe ń là: awakọ̀ méjìlá tí ọwọ́ wọn dúdú fún èéfín, ogún oníṣọ́ọ̀bù, àwọn fítà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Yusif gbé gílóòbù méjì wá, ọ̀kan tó yọ́ mọ́ ihò rẹ̀, ọ̀kan tó ṣì mọ́ kedere. "Ṣíamáànù, ẹ jọ̀wọ́ bá mi yan ọ̀kan. Mi ò ní fi wọ́n wéra."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Kò sí ohun tó ń pa agbéraga bí ẹ̀rín ẹni tó ti ń kí i láràárọ̀. Alága yí sí Àlàní, ṣùgbọ́n Àlàní ti wà láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ ló sì ga jù. Alága yọ okùn wúrà lọ́rùn, ó fi lé Màmá lọ́wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì yọ Àlàní náà, nígbà tí ẹnìkan bèèrè pé níbo ni gílóòbù kejì wà.

Jíìpù kò lè rìn mọ́. Adéògún fẹsẹ̀ rìn lọ sí títì láti lọ wọ bọ́ọ̀sì tírótírò. Ojú rẹ̀ kò tíì gbádùn, oòrùn sì ń ta sí i, ló bá fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bojú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò kí ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá Fàdílátù kó àwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ bá Sẹ̀gilọlá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Wọ́n ru àga kìnnìún wá.

"Ìwọ la fẹ́ ní alága," ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé àga yẹn sí àárín ọ̀nà."

Wọ́n gbé e. Ó gbé bátìrì jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀, ó fi pátákó ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi mítà kọ́ orí kìnnìún kan. Ó ní ibẹ̀ ni yóò máa wà, kí ẹnikẹ́ni lè fi ohun tó fẹ́ rà wé òmíràn kó tó sanwó, ní ṣọ́ọ̀bù yòówù kó ti rà á.

"Gílóòbù ta la máa kọ́kọ́ dán wò?" ni Yusif bèèrè. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń wo ara wọn, olúkúlùkù ń rántí ohun tó wà lórí àtẹ rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú èyí tó ń tà jù lọ níbẹ̀ jáde, irú èyí tí ìyá rẹ̀ ti ń tà kí ó tó bí i, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi mítà wọ̀n rí. Ó fi í sí ojú iná kan lára pátákó náà. Òun náà kò mọ ohun tí yóò rí.

"Tèmi," ló wí. "Ó yá, Yusif. Wo ògiri."